Igbó Kò Léèwọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Rin Ashtead Common Láì Bẹ̀rù Olóko

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ọba, mo mọ̀ pé iṣẹ́ àti ilé, ilé àti iṣẹ́ náà ni. Tẹ́nì kan bá wá ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká lọ rìn nínú igbó lọ́jọ́ Sátidé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé ta ló fún wa láyè, ṣé olóko ò ní pe ọlọ́pàá sí wa báyìí? Ìbéèrè gidi ni, torí kò sí ilẹ̀ tí ò lólóhun níbí. Àmọ́ òfin wọn fi ọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti gba inú ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, wọn ò ní bi yín ní visa, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni ọfà tí wọ́n kàn mọ́ òpó igi. Ọfà yẹ́lò, footpath nìyẹn, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ni ín. Ọfà búlúù, bridleway, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà ń gba ibẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró ẹṣin lẹ́yìn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó bá jẹ́ pupa, mọ́tò lè gbà á. Footpath lè la àárín oko àgbàdo kọjá, ó lè gba iwájú fèrèsé ẹnì kan gan-an, kò sóhun tó kàn yín, ẹ ṣáà máa lọ, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì fi géètì sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a. Tí olóko bá tú ilẹ̀ tó sì bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Tó bá kọ̀, council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn, wọ́n ní fọ́ọ̀mù ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Permissive path ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí onílẹ̀ ló fúnra ẹ̀ yọ̀ǹda ìyẹn, ó sì lè tì í pa lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Ilẹ̀ common tún yàtọ̀. Ó lólóhun, ṣùgbọ́n láti ayébáyé làwọn ará àdúgbò kan ti ní ẹ̀tọ́ láti kó màlúù jẹ̀ níbẹ̀, láti ṣẹ́gi ìdáná, àwọn mìíràn tiẹ̀ lè kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ jẹ èso igi oak. Ẹ̀tọ́ tiwọn nìyẹn o, kì í ṣe tiwa. Tiwa ni èyí tí òfin ọdún 2000 fún gbogbo èèyàn ní England àti Wales, pé ká fẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ common tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ká yà sọ́tùn-ún yà sósì láì tẹ̀ lé ojú ọ̀nà kankan. Ẹsẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe ká pàgọ́ tàbí ká dáná sùyà. Scotland ní òfin tiwọn láti 2003, tiwọn sì tún fẹ̀ ju èyí lọ.

Ashtead Common ní Surrey ni mo máa ń júwe fún àlejò. Ẹ wọ tírénì ní Waterloo tàbí Victoria, ẹ sọ̀ ní Ashtead, ẹ sọdá ojú irin, igbó dé nìyẹn. City of London Corporation, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ àárín gbùngbùn London, ló ni ín láti 1991. Òkè tó wà níbẹ̀ ò ju èyí tí ọmọ kékeré máa gùn lọ. Ohun tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ lọ ni àwọn igi oak àgbàlagbà, wọ́n lé ní 1,000, ìdí fẹ̀, inú ṣófo, orí rí kúkúrú gúdúgbá. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń gé ẹ̀ka wọn fún igi ìdáná, àmọ́ òkè ni wọ́n ti ń gé e, kí màlúù má bàa rí ọ̀mùnú tuntun jẹ. Ẹ máa rí igi gbígbẹ tó wó sílẹ̀ tó ń jẹrà, ó máa dun ẹni tó bá rí i, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ o, kòkòrò ló ń gbé inú ẹ̀, torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe kó o. Ní ààlà igbó náà, ẹ wo òpó irin kékeré tó ní àmì City of London lára. Ọdún 1861 ni òfin tó gbé wọn kalẹ̀, láti fi hàn pé ẹni tó bá ti gbé èédú kọjá ibẹ̀ wọ ìlú gbọ́dọ̀ san owó orí.

Tẹ́ ẹ bá kọjú sí ìlà oòrùn, ẹ máa bọ́ sí Epsom Common, ẹ wá Great Pond, adágún omi tí àwọn mọ́ńkì ilé ìsìn Chertsey gbẹ́ láyé àtijọ́ láti fi sin ẹja. Ẹ wá gba ọ̀nà mìíràn yí padà sí téṣọ̀n. Ẹ gba máàpù Ordnance Survey tí wọ́n ń pè ní Explorer, ìlà gíríìnì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni ọ̀nà tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já yín kulẹ̀ nínú igbó.

Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, nígbà òtútù bàtà kánfáàsì ò lè gbé e, búútù rọ́bà ni. Ní December, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin, ẹ tètè jáde. Àwọn tẹ́ ẹ bá pàdé máa kí yín, ẹ dá wọn lóhùn, ará ìgboro tí ò ní wojú yín nínú bọ́ọ̀sì ló ń yọ̀ mọ́ èèyàn nínú igbó yìí o! Olú pọ̀ níbẹ̀, ẹ má já a, èyí tí wọ́n ń pè ní death cap máa ń pààyàn, ó sì jọ olú gidi. Tẹ́ ẹ bá mú ajá dání, ẹ fi okùn kúkúrú sí i lọ́rùn láti ọjọ́ kìíní oṣù March títí dé ìparí July, òfin ni lórí ilẹ̀ tí òfin ọdún 2000 yẹn ṣí fún wa, àti nígbàkígbà tí màlúù bá wà nítòsí. Tí màlúù bá ń lé yín, ẹ ju okùn ajá sílẹ̀, ajá máa sá lọ, kẹ́ ẹ sá tiyín.

Eégbọn (tick) ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní pàtàkì, torí ó lè kó àrùn Lyme ran èèyàn. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ yẹ ara wò, ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, àti orí àwọn ọmọdé. Tí ọ̀kan bá ti so mọ́ yín, ẹ fi twísà (tweezers) di í mú níbi tó ti kan awọ ara, ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi epo tàbí iná sí i. Tí àmì róbótó bá yọ níbẹ̀ tó ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí ibà mú yín, ẹ lọ rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé eégbọn bù yín jẹ. Lára wa tó dúdú, àmì yẹn lè má hàn dáadáa, torí náà ẹ má dúró de kí ó pọ́n kẹ́ ẹ tó lọ.