Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ kilt wọ igbó ní Skọ́tíláńdì, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún yín

Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀ ní Skọ́tíláńdì. Àkókò yẹn náà ni eégbọn àti kòkòrò mìíràn kún igbó wọn. Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Glasgow, Aberdeen àti Inverness ni mò ń bá wí. Ẹ ó yá kilt, aṣọ bíi síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ró, ẹ ó ki ọ̀bẹ kékeré bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ ó dúró bí ọkọ ìyàwó. Ó wá ku kí ẹni tó ń ya fọ́tò sọ pé, "Ẹ gun òkè yẹn díẹ̀ kí omi lè hàn lẹ́yìn yín." Wàhálà dé nìyẹn.

Wíwọ̀ rẹ̀ kò le. Etí kilt á dúró ní àárín orúnkún, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn á dé abẹ́ orúnkún, ẹ ó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ po, ẹ ó sì dè é. Ẹni tó yá a fún yín á júwe ìyókù.

Bàtà tí wọ́n sábà máa ń kó mọ́ ọn ni ghillie brogues. Kò ní ahọ́n, okùn rẹ̀ gùn, ọrùn ẹsẹ̀ la sì ń lọ́ ọ mọ́. Àwọn kan á ní ihò ara rẹ̀ ni omi ń gbà jáde, pé òun ni àwọn ará òkè fi ń rin ẹrọ̀fọ̀ láyé àtijọ́. Ti òde òní kọ́ o! Ọ̀ṣọ́ lásán ni ihò yẹn, kò la awọ já. Ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ awọ á sì yọ̀ gbàà bí ẹ bá fi tẹ koríko tútù. Ẹ gbé bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè sínú mọ́tò, pẹ̀lú gaiters, aṣọ líle tí wọ́n ń dè láti orí bàtà dé abẹ́ orúnkún. Òun ló ń gba ojúgun lọ́wọ́ ẹ̀gún àti èsìsì òyìnbó. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n yọ owó bàtà nínú owó ìdógò rẹ̀ torí pé ẹrẹ̀ wọ awọ. Ó ní ìtẹ̀lẹ̀ ọ̀hún ti ń ṣí kí òun tó gbà á. Fọ́tò dà? Kò sí. Ẹ ya ìtẹ̀lẹ̀, gìgísẹ̀ àti okùn lójú ẹni tó ń kó o fún yín, kí ẹ sì ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n owó ṣì ṣeé wá. Ọ̀rọ̀ eégbọn ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó gbọ́.

Òmíràn nínú eégbọn ibẹ̀ kò tó hóró yànmọ̀tí. Kì í fò. Orí ewé ló ń dúró sí, pàápàá nínú koríko gíga, àti nínú heather àti bracken, àwọn igbó kéékèèké tó bo ẹ̀gbẹ́ òkè, bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, ó ti gùn ún nìyẹn. Òfin 2003 fún gbogbo ènìyàn láyè láti rìn lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, àmọ́ òfin kò ní kí ẹ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó wọ kilt kò ní odi kankan láti ẹnu ìbọ̀sẹ̀ lọ sókè, ẹ sì mọ ohun tí àwọn kan kì í wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ pátá. Ẹ fi oògùn alékòkòrò tó ní DEET ra ẹsẹ̀, á lé eégbọn, á lé kantíkantí náà.

Àwọn kan nínú eégbọn yìí ń gbé àìsàn Lyme, tí wọ́n ń kó ranni bí wọ́n bá jẹni, bẹ́ẹ̀ jíjẹ wọn kì í dunni. Ọmọkùnrin kan tó ń ka másítà rí nǹkan dúdú lẹ́yìn orúnkún rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó pe màmá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Màmá ní kó fi kẹrosíìnì pa á bí a ti ń ṣe fún ajá. Kò rí kẹrosíìnì, ló bá fi róòbù. Nígbà tó yá, orí ń fọ́ ọ, oríkèé ń ro ó. Ó ní ibà ni, ó gbé oògùn ibà tó kó wá láti ilé mì! Ibà wo? Ẹ̀fọn Skọ́tíláńdì kì í kó ibà ranni.

Ohun tó tún tàn án jẹ ni fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì: àmì róbótó pupa tí Lyme máa ń yọ lára òyìnbó. Ara dúdú kì í sábà pọ́n bẹ́ẹ̀. Lára tirẹ̀, bí ojú ibi tó họ ni, ó kàn dúdú ju ìyókù lọ, ó sì ń fẹ̀. Àmì yìí sábà máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 4 lẹ́yìn tí eégbọn bá jẹni, ó sì lè tó oṣù 3 kó tó yọ. Lára ẹlòmíràn, kì í tilẹ̀ yọ.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ tan iná, ẹ fi ọwọ́ wá a: ẹ̀yìn orúnkún, itan, abẹ́, abíyá. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tín-ín-rín mú un níbi tó ti kan awọ ara, ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ má lọ́ ọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi róòbù pa á. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Bí ara bá sú tàbí tó ń rẹ̀ yín, ẹ pe dókítà yín. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera ti ìjọba. Ẹ má sọ pé "kòkòrò kan jẹ mí". Ẹ pè é ní tick, ẹ dárúkọ ọjọ́ àti ibi, ẹ sì sọ pé ara dúdú lẹ ní. Ẹ má bẹ̀rù owó: láti 2011, a kì í sanwó oògùn tí dókítà kọ ní Skọ́tíláńdì.

Ẹ gbọn kilt náà níta, ẹ tú ìṣẹ́po rẹ̀ wò. Ẹ má jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, á sún kì. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú bàtà tó tutù, ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kí ẹ sì gba rìsíìtì lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a padà.