Afritada kì í ṣe ọbẹ̀ ata: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí adìyẹ àwọn ará Philippines

Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ará Philippines tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní London ni mo ti kọ́ afritada: adìyẹ tí wọ́n fi tòmátì, pòtétò, kárọ́ọ̀tì àti tàtàṣé sè lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì funfun. Inú mi ń dùn bí mo bá rí i pé àwọn èèyàn wa ń gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni owó tí wọ́n ń dà nù, tí wọ́n á tún wá sọ pé oúnjẹ náà kò ládùn. Ó ládùn, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ ṣe sè é ni kò dára.

1. Àyà adìyẹ. Ẹ má rà á. Ní ìlú ọba níbí, òun ló wọ́n ju itan lọ, òun ló sì ń gbẹ jù bí ọbẹ̀ bá pẹ́ lórí iná. Itan tó ní eegun àti awọ ni kí ẹ rà. Ohun tó wà nínú iṣan rẹ̀ á yọ́ sínú omi, ọbẹ̀ á sì ki fúnra rẹ̀.

2. Banana ketchup, sọ́ọ̀sì pupa tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe. Maria Orosa, onímọ̀ oúnjẹ tó kú nínú ogun Manila ní 1945, ni wọ́n gbà pé ó dá a sílẹ̀, ohun àmúyangàn ni fún wọn. Sípágẹ́tì wọn ló bá mu. Ẹ má tìtorí pé afritada pupa kí ẹ lọ kó o jọ.

3. Sọ́ọ̀sì sóyà àti fínígà: adobo, ọbẹ̀ wọn mìíràn, ló ni wọ́n. Ẹ̀dọ̀ inú agolo: kaldereta, ọbẹ̀ wọn mìíràn tún ni, ló ni ín.

4. Bíbọ adìyẹ. Èyí ló ń dùn mí jù. Ó ti mọ́ wa lára láti kékeré: adìyẹ wọ ìkòkò, kọ́rì, táìmù, mágì, ó hó, a kó o jáde, a dín in, a dà á sínú ata. Ìyẹn dára fún ọbẹ̀ wa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ara adìyẹ gan-an ni ọbẹ̀ afritada. Tútù ló ń wọ inú tòmátì. Ẹni tó bá ti bọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti yọ adùn rẹ̀ sínú omi mìíràn, kọ́rì àti táìmù kò sì ní jẹ́ kó gbọ́ òórùn aáyù àti bay leaf mọ́.

Àbúrò kan tí mo fẹ́ràn gan-an fẹ́ se é fún àlejò. Ó ra adìyẹ márùn-ún, ó wá patis, omi ẹja oníyọ̀ wọn, lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà. Kí n tó dé, ó ti bọ adìyẹ, ó ti dín in gbẹ, ó sì ti da omi ẹran sí sínkì. Gbogbo owó yẹn! Ọbẹ̀ ata tó ní pòtétò nínú la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní tòmátì kan náà ṣáà ni. Òótọ́ ni, láti Amẹ́ríkà ló ti dé ọ̀dọ̀ àwa àtàwọn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Spéìn tó ń ná Acapulco ní Mexico sí Manila láti 1565 títí di 1815 ló gbé e dé tiwọn. Àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń sè é yàtọ̀.

Ẹ fi epo díẹ̀ dín aáyù àti àlùbọ́sà, kí tòmátì tẹ̀lé e títí tí á fi rọ̀, kí ẹ tó kó adìyẹ tútù sí i. Ẹ máa yí i títí ara rẹ̀ á fi fẹ́ máa pọ́n. Fún kílò 1, patis ṣíbí ìjẹun 2, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó ronú kan iyọ̀. Sọ́ọ̀sì tòmátì ife 1, omi ife 1, bay leaf. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 tó fún bíróílà. Adìyẹ tó ti yé ẹyin títí tó fi gbó, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà nílé, máa gbà ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó rọ̀ kí ẹ tó da ohunkóhun mìíràn sí i.

Pòtétò ńkọ́? Kíkan tòmátì kì í jẹ́ kó tètè rọ̀. Ẹni tó bá jù ú sí i ní tútù á máa retí rẹ̀ títí adìyẹ á fi fọ́ yángá. Ẹ ṣe bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe: ẹ dín pòtétò àti kárọ́ọ̀tì lọ́tọ̀ títí etí wọn á fi pọ́n, ẹ wá kó wọn sí ọbẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tàtàṣé àti gíríìn píìsì ló kẹ́yìn. Gígé la ń gé tàtàṣé yìí, ẹ má lọ̀ ọ́.

Ata rodo, rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ata, kó gé e sínú àwo tirẹ̀.

Tòmátì inú ọ̀rá ki ju sọ́ọ̀sì lọ: ẹ dín in dáadáa, ẹ fi omi là á.

Bí ó bá ṣẹ́kù, fírísà máa ń mú kí pòtétò rí bí iyanrìn lẹ́nu. Ẹ kó o kúrò kí ẹ tó gbé ọbẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì dín tuntun sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́.