Bí A Ṣe Lè Pín Iṣẹ́ ní Ọ́fíìsì Láìṣe Ojúsàájú Láàárín Ọkùnrin àti Obìnrin

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, láti Dùgbẹ̀ dé Sẹkitéríàtì tó wà ní Agodi, bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì béèrè ẹni tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, obìnrin kan ni gbogbo ojú máa ń lọ sí lára. Bí oúnjẹ bá dé lẹ́yìn ìpàdé, òun náà ni wọ́n á tún pè pé, "Ìyàwó wa, ẹ bá wa pín in." Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá wọlé pé kí ẹnì kan lọ bá oníbàárà pàtàkì ṣe àdéhùn ní Èkó tàbí ní Àbújá, orúkọ ọkùnrin ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀gá. Kò sí ẹni tó jókòó ṣòfin pé bẹ́ẹ̀ ni kó máa rí, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọdún fi ń parí, tí ẹni tó lọ bá oníbàárà yóò ní ohun púpọ̀ láti kọ sínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹni tó pín oúnjẹ kò sì ní rí nǹkan kan kọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ka, ẹ̀yin máníjà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ tiyín ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, nítorí pé ẹnu yín ni iṣẹ́ ti ń jáde.

Ẹ mọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń pín

Gbogbo iṣẹ́ ló wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé ẹni tó ṣe é ga. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọn ni a máa ń tọ́ka sí nígbà tí a bá fẹ́ yan ẹni tí a ó fún ní ìgbéga: ṣíṣe olórí iṣẹ́ àkànṣe, bíbójú tó owó, bíbá oníbàárà tàbí ìjọba dúnàádúrà, lílọ sí sáìtì, sísọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Àwọn mìíràn wà tí ọ́fíìsì kò lè rìn láìsí wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í rántí ẹni tó ṣe wọ́n: kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, títo àga, gbígba àlejò, kíkó owó jọ fún ẹni tó bímọ tàbí tó ń ṣòkú, yíyan aṣọ ẹgbẹ́jọdá, mímú òṣìṣẹ́ tuntun mọ ọ̀nà, pípẹ̀tù sí aáwọ̀. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà tí iṣẹ́ kan bọ́ sí, ẹ bi ara yín pé bí ẹnì kan bá ṣe é dáadáa fún odindi ọdún kan, ṣé a ó dárúkọ rẹ̀ níbi tí a bá ti ń jíròrò ìgbéga? Owó náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tó rin ìrìn-àjò ń gba owó ìrìn-àjò, ẹni tó to àga kì í gba kọ́bọ̀.

Ẹ ṣí ìwé kan fún un

Ẹ má ṣe gbára lé ohun tí ẹ rántí. Ọ̀gá tó sọ pé òun kì í ṣe ojúsàájú sábà máa ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí pé iṣẹ́ kékeré kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn ẹni tó pín in, ẹni tó ṣe é nìkan ló máa ń rántí. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i láti kọ ọjọ́, iṣẹ́, orúkọ ẹni tí ẹ gbé e fún, àti bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀: ṣé ẹ yàn án ni, ṣé ẹ bẹ̀ ẹ́ ni, àbí òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí jù, nítorí òun ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ àti ẹni tí ojú ń tì láti kọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti ọjọ́ iwájú, ẹ padà sẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta. Fáìlì ọ́fíìsì nìkan kò ní tó fún èyí, nítorí pé orí WhatsApp ni a ti ń pín èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kéékèèké lóde òní. Ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ ti kọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi" sójú òpó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, kí ẹ sì wo orúkọ tó tẹ̀lé e. Ojú ìwé náà lè wá rí báyìí: Ọjọ́ Ajé, àkọsílẹ̀ ìpàdé, Ìyá Bọ́lá, a bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìpàdé pẹ̀lú máníjà báńkì lórí owó tí a fẹ́ yá, Ọ̀gbẹ́ni Akin, a yàn wọ́n. Ọjọ́rú, ríra àkàrà òyìnbó fún ọjọ́ ìbí ọ̀gá, Ìyá Bọ́lá, wọ́n yọ̀ǹda. Ọjọ́bọ̀, àbẹ̀wò sí sáìtì ní Moniya, Ọ̀gbẹ́ni Akin, a yàn wọ́n. Ọjọ́ Ẹtì, gbígba àlejò láti olú ilé-iṣẹ́, Ìyá Bọ́lá, a bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ka irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò nílò àlàyé mọ́. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà, ẹ má ṣe ro obìnrin pọ̀ sápá kan kí ẹ sì ro ọkùnrin pọ̀ sápá kejì, nítorí ó wọ́pọ̀ kí gbogbo ẹrù náà wà lórí obìnrin kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí iye gbogbogbòò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe béèrè pé ta ló máa ṣe é

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé ọ̀nà tó tọ́ jù ni kí òun béèrè ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹni tó bá wù nawọ́. Ìwádìí ti fi hàn pé ibẹ̀ gan-an ni ojúsàájú ń gbà wọlé. Ní ọdún 2017, Linda Babcock, Lise Vesterlund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn méjì tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì ní kí ẹnì kan nínú wọn gba iṣẹ́ kan tí yóò jẹ́ kí àwọn méjì yòókù gba owó tó ju tirẹ̀ lọ: ẹni tó bá gbà á yóò gba dọ́là 1.25, àwọn tó kù yóò gba dọ́là 2, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó gbà á, dọ́là 1 péré ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti wà pọ̀, obìnrin fi ìdá 48 nínú 100 ju ọkùnrin lọ nínú yíyọ̀ǹda ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó ọkùnrin nìkan jọ, tí wọ́n sì kó obìnrin nìkan jọ, ìyàtọ̀ náà pòórá. Èyí fi hàn pé kì í ṣe inú obìnrin ló ń dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, àti obìnrin náà fúnra rẹ̀, ló ti ń retí pé òun ni yóò ṣe é.

Nígbà tí wọ́n tún fi ẹnì kan ṣe ọ̀gá tí yóò bẹ ẹlòmíràn pé kó ṣe é, ìdá 44 nínú 100 ni iye ìgbà tí wọ́n bẹ obìnrin fi ju iye ìgbà tí wọ́n bẹ ọkùnrin lọ. Ọ̀gá tó jẹ́ obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó jẹ́ ọkùnrin ti ṣe é, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé fífi obìnrin jẹ máníjà ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀, obìnrin 76 nínú 100 gbà, ọkùnrin 51 nínú 100 ló gbà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ to orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka sí orí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí iṣẹ́ kéékèèké máa yípo láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn, kí orúkọ ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn tí kò sì sí nílé yóò pààrọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, yóò sì san án padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àwọn kan yóò sọ pé ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn kò dára, tàbí pé àwọn kò mọ bí a ṣe ń gba àlejò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ. Bí ẹ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é láìdára, tí ẹ sì fà á lé obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́, ẹ ti fi ìmọ̀ jẹ ẹ́ níyà.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa ibi tí àṣà yìí ti wá. Níbi ìnáwó ní ilé wa, àwọn ìyàwó ilé ló ń gbé oúnjẹ, ọmọdé ló sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún àgbà. A kó méjèèjì wọ ọ́fíìsì láì yẹ̀ wọ́n wò. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ọ̀wọ̀ àgbà ló fà á, ẹ ní kó wo ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ẹ̀ka náà. Bí ọmọkùnrin ọdún 24 bá jókòó, tí obìnrin ẹni 40 ọdún sì dìde láti pín omi, a jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ orí ni a ń bọ̀wọ̀ fún. Ìdánwò yìí dára púpọ̀, nítorí kò bu ẹnikẹ́ni kù, ẹni tó bá sì fi ojú ara rẹ̀ rí i kò ní lè jiyàn.

Ọ̀wọ̀ kan náà ni kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wa kọ iṣẹ́. Ẹni tí ọ̀gá bá sọ fún pé "Àǹtí mi, ẹ dákun" yóò kúnlẹ̀, yóò sì ní, "Kò burú, sà." Ẹ má ṣe ka gbólóhùn yẹn sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ tún kíyè sí orúkọ tí ẹ ń pe ènìyàn ní ìpàdé: bí ọkùnrin bá ń jẹ́ "Ẹnjinníà" tí obìnrin tó kàwé kan náà sì ń jẹ́ "ìyàwó wa," ẹ ti pín iṣẹ́ kí ẹ tó pín in.

Ẹni tó bá ní àwa kì í fi obìnrin sídìí ohun ńlá kò mọ Ìbàdàn. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó kú ní 1874, ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn olórí ogun. Ní 1968, nínú ìlú yìí kan náà, Fọláyẹgbẹ́ Akíntúndé-Ighodalo di akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àánú tó ń dínà fún ènìyàn

Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí pé inú rere ni ó ti ń wá. Ọ̀gá yóò ní, "Ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá yẹn, ẹ má jẹ́ ká yọ wọ́n lẹ́nu," yóò sì gbé iṣẹ́ tó lè sọ ìyá náà di ẹni ńlá fún ẹlòmíràn láì bi í léèrè. Ẹ bi í. Ó lè ní ìyá tàbí àbúrò tí yóò bá a mójú tó ọmọ, ó sì lè sọ pé òun kò lè lọ lóṣù yìí ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ti oṣù tó ń bọ̀ pamọ́ fún òun. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ẹ̀rù ọ̀nà bá ń bà yín, ẹ tún ètò ìrìn-àjò náà ṣe fún gbogbo ènìyàn: ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Moniya tàbí kí wọ́n tètè gbéra láàárọ̀, kí wọ́n sùn síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ewu ọ̀nà kò yọ ọkùnrin sílẹ̀.

Òfin òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Labour Act fún obìnrin tó fẹ́ bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ ṣètò iṣẹ́ yí àwọn àkókò wọ̀nyí ká, kí iṣẹ́ àkànṣe tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ sì padà sí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dé.

Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni a máa ń pè láti tan jẹnẹrétọ̀, láti gbé àpótí, láti dúró di alẹ́, láti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ kọ ìwọ̀nyí náà sínú ìwé yín. Ẹnikẹ́ni tí a bá kọ́ lè tan jẹnẹrétọ̀, ẹrù tó bá sì wúwo jù, ẹ wá alábàárù kí ẹ sì sanwó fún un. Ti iṣẹ́ òru nìkan ló ń fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí pé Labour Act kò gbà kí a fi obìnrin sí iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ní oko, àyàfi àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó wà ní ipò alákòóso tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹni tó bá ní ilé-iṣẹ́ ní àdúgbò Oluyole ní láti bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ó tó to ìpín òru.

Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́

Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ẹ sì fi ohun tí ẹ fẹ́ tì í lẹ́yìn: "Ẹ ṣeun, sà. Èmi ni mo ti ń kọ àkọsílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á, kí èmi náà lè bá wọn lọ sí sáìtì." Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ jókòó síbẹ̀ ló lè mú un rọrùn jù, bí ẹ bá tètè sọ pé "Èmi á kọ ọ́ lónìí" kí ojú tó yí sí obìnrin.

Bí ọ̀rọ̀ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, òfin wà. Abala 42 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, abala 17 sì sọ pé kí owó iṣẹ́ kan náà dọ́gba. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní 2010 fún National Industrial Court ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́, ilé-ẹjọ́ náà sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Ẹ tọ́jú lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín tọjọ́tọjọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ìwé tí ẹ ṣí má baà di ìwé inú dúrọ́ọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú ẹ̀ka yín. Nígbà tí àkókò àyẹ̀wò iṣẹ́ bá tó, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kí ẹ kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìtọ́jú àlejò àti kíkọ́ òṣìṣẹ́ tuntun sínú fọ́ọ̀mù ẹni tó ṣe wọ́n. Ẹni tí kò bá sì tíì gba iṣẹ́ ńlá kan lọ́dún náà, orúkọ rẹ̀ ni kó ṣáájú nígbà tí iṣẹ́ ńlá mìíràn bá tún dé.