Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti wà létí Màmá: báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè: Wọ́n ṣàyẹ̀wò etí màmá mi lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí i, wọ́n ní èsì rẹ̀ dára. Àmọ́ bí a bá dé ọjà Bódìjà, "kí lo wí?" ni ṣáá. Èwo ni ká gbà gbọ́, ìwé àyẹ̀wò tàbí Màmá?

Ìdáhùn: Ẹ gba méjèèjì gbọ́. Inú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò yẹn, ìró tó kéré jù tí etí lè gbọ́ ni ìwé náà sì ń sọ. Ní Bódìjà, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ẹ̀rọ ata ń pariwo, ẹni mẹ́ta ń nájà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu dán etí wọn wò nínú ariwo pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Kí la wá máa fi wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn: Ohun tí Màmá fúnra wọn fẹ́ gbọ́. Ní Ọsirélíà, National Acoustic Laboratories ṣe ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní COSI, ó jáde ní 1997. Kí ẹ̀rọ tó wọ etí, onítọ̀hún á dárúkọ ibi tí ìgbọ́ràn ti ń nira fún un, kò ní ju márùn-ún lọ. "Mo fẹ́ máa gbọ́ràn dáadáa" ò tó. Kí ó ṣe pàtó: "Mo fẹ́ gbọ́ iye tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ pe ẹ̀fọ́." "Mo fẹ́ gbọ́ ibi tí awakọ̀ Micra ní òun ń lọ." "Bí ọmọ-ọmọ mi bá pè mí, mi ò fẹ́ gbé fóònù fún ẹlòmíì." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á bi í lórí ìkọ̀ọ̀kan: ṣé ó burú sí i, ṣé kò yàtọ̀, ṣé ó sàn díẹ̀, ó sàn, àbí ó sàn gan-an? Bí ẹni tó ń tọ́jú wọn ò bá ní fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ iléèwé, ẹ mú un dání lọ. Lójú tèmi, kò sí fọ́ọ̀mù tó jù ú lọ, torí ẹnu ẹni tó ni etí ló ti jáde.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá bi Màmá, "ó dáa, ẹ ṣé o" ni wọ́n máa ń sọ.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n! Àgbà kì í fẹ́ kí ẹni tó náwó fún wọn rò pé wọn ò moore. Ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé ó dáa; ẹ béèrè ohun tí pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù sọ gan-an. Ẹ bi ará ilé náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ló ń ka wákàtí tí wọ́n fi lò ó lóòjọ́, kọ̀ǹpútà onítọ́jú á sì fi hàn. Bí ó bá jẹ́ wákàtí kan péré, èsì nìyẹn náà.

Ìbéèrè: Wọ́n ń gbọ́ ohùn wa, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Ìdáhùn: Ó wọ́pọ̀. Àmì ohùn Yorùbá wà lára ìró tó nípọn, etí àgbà sì sábà máa ń mú ìyẹn. Ìró tín-ín-rín bí s àti f ló ń kọ́kọ́ sọnù. Ẹ béèrè bóyá onítọ́jú ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò etí láti wọn ìró tí ẹ̀rọ ń gbé jáde níbẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìró tín-ín-rín yẹn ń dé ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ náà kàn dákẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ wo bóyá ìdọ̀tí etí ti dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì. Bí ẹ bá ṣí bébà ẹ̀yìn bátìrì náà, ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó dé e mọ́nú. Ṣùgbọ́n bí etí kan bá dédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́: ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, lọ́jọ́ náà gan-an.