Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀bùn Tí Yóò Bá Ìfẹ́ Bàbá Ẹni Mu

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ bàbá nílẹ̀ wa pé kí ni kí ẹ rà fún wọn, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́: "Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ tọ́jú àwọn ọmọ yín." Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọmọ á wá gba ọjà lọ láìmọ ohun tó ń wá, á ra ìbọ̀sẹ̀ tàbí lọ́fíńdà bọ̀. Kò burú, àmọ́ bàbá ta ni a kò lè ra ìyẹn fún? Ẹ̀bùn tó fi hàn pé ẹ mọ̀ wọ́n, ojú ni a fi ń wá a.

1. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ wọn

Fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí àsìkò bá jẹ́ tiwọn: lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí àlejò bá ti lọ tán. Ní pàtàkì, ẹ wo ohun tí wọ́n ń tún ṣe ní àtúnṣe: rédíò tí wọ́n fi rọ́bà dè kí bátìrì má baà já bọ́, àdá tí èèkù rẹ̀ ti là, fìlà tí wọ́n ń dé bó tilẹ̀ ti ṣá. Ohun tí èèyàn kò bá jẹ́ kó kú, ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ẹ bi ìyá yín, kí ẹ sì bi ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ máa ń ṣeré. Ọ̀rẹ́ bàbá mọ ohun tí bàbá kì í sọ fún ọmọ.

2. Ẹ ya ìtọ́jú sọ́tọ̀

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wúlò púpọ̀, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá lókè ìgúnpá sì ṣeé gbára lé ju ti ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹ rà á fún wọn, àmọ́ ẹ rà á lọ́jọ́ mìíràn. Ojúṣe ọmọ nìyẹn. Lójú tèmi, kò yẹ kí bàbá tú ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí wọn kí wọ́n bá ọ̀rọ̀ àìsàn níbẹ̀.

3. Ẹ ra ohun tó bá ìfẹ́ wọn mu

Bàbá tó fẹ́ràn rédíò àti orin: ẹ wá rédíò tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, tó ń gba iná, tó sì tún ń lo bátìrì, nítorí iná ìjọba kò ṣeé fọkàn tán. Kí ó ní ibi tí a ń ki mẹ́mórì káàdì sí. Orin tí ẹ bá kó sínú káàdì náà gan-an ni ẹ̀bùn. Ẹ ṣírò ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́, nítorí orin ìgbà náà ni kì í kúrò lọ́kàn èèyàn. Ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1940 yóò fẹ́ gbọ́ jùjú I.K. Dáíró, àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá àti sákárà Yusuf Ọlátúnjí. Ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1955, Ebenezer Obey, Sunny Adé àti Àyìnlá Ọmọwúrà ló sábà máa ń jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má kàn kó orin jọ ṣáá. Ẹ wádìí èyí tí wọ́n jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, kí ẹ sì fi ṣáájú.

Bàbá tó ń ta ayò: ọpọ́n ní ilé 12, ọmọ ayò 48 ni wọ́n sì ń pín sí i, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ka ọmọ náà níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ ki ìka bọ inú ilé kọ̀ọ̀kan: ó yẹ kó dán, kó sì jìn tó kí ọmọ má baà ta jáde. Ọmọ ayò gidi ni kí ẹ gbà. Àwọn ọ̀ta, ìyẹn àwọn tó mọ ayò ta dáadáa, kì í fẹ́ fi ọmọ rọ́bà ta ayò, torí ìró ọmọ lórí igi wà lára adùn rẹ̀. Tí wọ́n bá máa ń gbé ọpọ́n lọ bá ọ̀rẹ́, èyí tó ń ṣí tó ń pa dé ni kí ẹ rà. Tó bá jẹ́ ìta ilé wọn ni àwọn èèyàn ń pé sí, ẹ ra èyí tó wúwo.

Bàbá tó fẹ́ràn ìmúra: àwọn àgbà ka sányán, àlàárì àti ẹtù sí gan-an láàrin aṣọ òkè. Sányán ní àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ẹ́rẹ́, àlàárì pupa, ẹtù sì jẹ́ aláró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, pẹ̀lú ilà tín-ín-rín lára. Bí ẹ bá lè dé Ìsẹ́yìn, ẹ bá ahunṣọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Híhun ń gba àsìkò, torí náà, bí ẹ bá ń fojú sun Ọjọ́ Àwọn Bàbá, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù kẹfà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin. Bí owó kò bá ká agbádá tó dára, ẹ ra fìlà tó dára. Ẹ fi téèpù wọn orí wọn lókè etí. Orí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà láàrin ínṣì 22 sí 24, aṣọ òkè kì í sì í fà, kí ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n fura, ẹ wọn inú fìlà tí wọ́n máa ń dé jù. Ti agbádá, ẹ ní kí ìyá yín yọ ọ̀kan tó bá wọn mu fún télọ̀.

Àgbẹ̀ ńkọ́? Bàtà rọ́bà tó bá ẹsẹ̀ wọn mu, àti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé mímọ́, Bíbélì tàbí Kùránì onílẹ́tà ńlá.

4. Bí ẹ bá wà lókè òkun

Ẹ ní kí àbúrò yín tó wà nílé ya fọ́tò ibi tí bàbá máa ń jókòó sí, kí ẹ lè rí ohun tó yí wọn ká. Kí ẹ tó ra nǹkan tó ń lo iná, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iná Nàìjíríà jẹ́ volt 230, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bí wọ́n bá kọ 100–240 sí i, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120 nìkan, ó lè jó lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án.

5. Ẹ dán an wò, kí ẹ tó fún wọn

Ẹ tan rédíò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gba rìsíìtì. Nígbà tí ẹ bá ń fún wọn, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ fọwọ́ méjèèjì gbé e, kí ẹ sì dúró gba àdúrà wọn tán. Bí wọ́n bá bi yín ní iye owó rẹ̀, ẹ rọra yí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn.

Ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń ti nǹkan tuntun mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù títí di ọjọ́ ńlá. Torí náà, ẹ má fi sínú páálí fún wọn. Ẹ ti ki bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bá wọn ta ọwọ́ ayò kan, tàbí kí ẹ jọ gbọ́ orin kan tán. Èyí tó ti gbó, ẹ má sọ ọ́ nù: àwọn fúnra wọn ni kó pinnu ibi tí wọ́n máa gbé e sí.