Kuníìnì inú omi tonic: nígbà tí ẹ̀rọ fluorescence bá dà bíi pé ó ń parọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mò ń wá iye kuníìnì, èròjà kíkorò, tó wà nínú omi tonic. Mo da omi náà sínú cuvette (ìgò kékeré tí a ń fi sínú ẹ̀rọ) bó ṣe tinú ìgò jáde, mo tan ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 350 nm sí i, mo sì fi ẹ̀rọ fluorescence ka èyí tó ń tàn padà ní 450 nm. Iye tí ẹ̀rọ gbé wá kéré sí ti omi òṣùwọ̀n 40 mg/L tí mo pò fúnra mi. Mo wá fi omi là á sí méjì, ni iye náà bá tún lọ sókè! Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Kuníìnì inú cuvette rẹ ló pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ ni ojú ẹ̀rọ wà, kò kọjú sí iná, àárín cuvette ló sì ń wò. Bí kuníìnì bá pọ̀ jù, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà á ti mu ìmọ́lẹ̀ náà débi pé díẹ̀ ni yóò kù kó tó dé àárín. Ó ń tàn o, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀rọ kò wò ni. Bí o bá ní tọ́ọ̀ṣì ultraviolet, tàn án sí ẹ̀gbẹ́ kan cuvette náà nínú òkùnkùn: wàá rí i pé búlúù rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù níbi tí iná gbà wọlé, ó sì ń ṣá bó ṣe ń lọ sínú. Inner filter effect ni wọ́n ń pè é.

Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí kuníìnì inú ohun mímu ju 83 mg/L lọ. Nítorí náà, bu 1 mL, kó o fi ásíìdì sulphuric 0.05 M sọ ọ́ di 100 mL. Kò yẹ kó ju 0.83 mg/L lọ mọ́. Pò omi òṣùwọ̀n rẹ láti 0.1 dé 1 mg/L nínú ásíìdì kan náà. Bí absorbance rẹ̀ (bó ṣe ń mu ìmọ́lẹ̀ tó) ní 350 nm bá ṣì ju 0.05 lọ, tún fi ásíìdì là á. Kó o tó bu 1 mL yẹn rárá, jẹ́ kí gáàsì inú tonic náà jáde tán. Inú pipette, ọ̀pá tí a fi ń bu omi, ló ti máa ń rẹ́ni jẹ.

Ìbéèrè: Ásíìdì sulphuric tán ní láàbù wa, mo bá lo hydrochloric 0.1 M. Ìmọ́lẹ̀ náà ṣá gan-an. Ṣé gbogbo ásíìdì kọ́ ni ásíìdì ni?

Ìdáhùn: Èmi náà ti ṣe é rí, odidi ọ̀sán kan ni mo fi ń bú iná ẹ̀rọ. Chloride inú hydrochloric ló fà á. Tí kuníìnì bá ti gba ìmọ́lẹ̀, nǹkan bíi 20 nanosecond péré ló fi ń dì í mú kó tó tàn án padà. Bí chloride bá kọlù ú láàrin ìgbà yẹn, agbára náà á di ooru lásán. Ju iyọ̀ ìsebẹ̀ díẹ̀ (òun náà ní chloride) sínú èyí tó ń tàn dáadáa, á kú mọ́ ọ lójú. (Àwọn kan ti sọ àbùkù yìí di iṣẹ́: ṣíṣá yẹn ni wọ́n fi ń wọn chloride.) Dúró kí sulphuric dé.

Ìbéèrè: Nínú ásíìdì lásán tí kò ní kuníìnì, ṣóńṣó kékeré kan yọ ní nǹkan bíi 397 nm. Ṣé cuvette mi dọ̀tí ni?

Ìdáhùn: Raman omi nìyẹn. Omi máa ń tú díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ ká lẹ́yìn tó bá ti yọ nǹkan bíi 3,400 cm⁻¹ kúrò nínú agbára rẹ̀. Yí iná sí 340 nm, ṣóńṣó náà á sá lọ sí 384 nm. Ti kuníìnì kì í sá bẹ́ẹ̀, ìtòsí 450 nm ló máa ń wà. Bí iná bá wà ní 350 nm, èyí tó mú ṣóńṣó ní 350 àti 700 nm, iná ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni. Yọ iye ti ásíìdì lásán kúrò lára gbogbo ohun tí o bá kà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè yá cuvette spectrophotometer (ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan mu) lò?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló mọ́ gaara lára ọ̀pọ̀ wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ mọ́, etí òkè sì ni kó o ti máa dì í mú.