Ẹ Wo Ọ̀nà Fọ́nrán Bébà Kí Ẹ Tó Ká Káàdì

Ìtọ́sọ́nà fún àwọn agboolé àti ẹgbẹ́ tó ń fi ọwọ́ ṣe káàdì ìkíni

Káàdì tí àwọn ẹgbẹ́ wa kó lọ sọ́jà fún Kérésìmesì tó kọjá ló fa ìwé yìí. Ìràwọ̀ ojú wọn dára, àwọ̀ wọn bára mu, ẹni tó rí wọn lókèèrè á fẹ́ rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ti là ní ojú ìká. Funfun inú bébà ń yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa, òmíràn kò sì lè dúró lórí tábìlì, ńṣe ló ń lanu. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù dá wọn padà. Owó bébà wọmi, owó gọ́ọ̀mù wọmi, gbogbo ìjókòó tí ẹ jókòó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìkórè sì wọmi pẹ̀lú.

A kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di àlùmọ́gàjí mú, tàbí bí wọ́n ṣe ń fi rúlà fa ìlà. Ẹ mọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ kì í ṣe: ẹ kì í wo ọ̀nà tí fọ́nrán bébà gbà kí ẹ tó ká a. A ti sọ ọ́ ní ìpàdé, a sì tún un sọ. Àwọn kan mi orí pé àwọn gbọ́, wọ́n délé, wọ́n ká a bó ṣe wù wọ́n.

Bí ẹ ó ṣe mọ ọ̀nà tí fọ́nrán gbà

Bébà tí ẹ̀rọ ṣe ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ nínú, ọ̀nà kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì dojú kọ. Ẹni tó bá ti la igi ìdáná rí mọ̀ pé igi ní ibi tí àáké ń bá lọ láìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà. Bí ẹ bá ká a tọ ọ̀nà fọ́nrán, ojú ìká á mọ́. Bí ẹ bá ká a dá fọ́nrán kọjá, fọ́nrán á ṣẹ́, ojú bébà á là. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún bébà tó nípọn, gsm 160 sókè (gsm ni iye gíráàmù tí bébà tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó wọ̀n), ọwọ́ yín ti tó. Ẹ mú etí kan wá bá etí kejì láìṣẹ́ ẹ, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tẹ àárín rẹ̀. Ẹ yí bébà náà, kí ẹ tún un ṣe láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀nà tí kò bá yín jà ni kí ẹ gbà ká a.

Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi gsm 80 kò ní jẹ́ kí ọwọ́ mọ ìyàtọ̀. Ẹ gé 5 sẹ̀ǹtímítà sí 5 sẹ̀ǹtímítà lára ọ̀kan, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ọfà sí i láti fi rántí ẹ̀gbẹ́ tó gùn lára bébà tí ẹ gé e kúrò. Ẹ fi omi pa ojú kan ṣoṣo. Á ká ara rẹ̀ jọ bí ọ̀pá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà tí ọ̀pá náà nà gbọọrọ sí, ibẹ̀ ni fọ́nrán gbà.

Ẹni tí kò bá rí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó ya á. Bébà tó ya gbọọrọ tọ fọ́nrán. Èyí tó ya wọ́gọwọ̀gọ dá a kọjá.

Ẹ dán ẹyọ kan wò nínú páàkì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rà, kódà bó jẹ́ ọwọ́ òǹtajà kan náà ni ẹ ti ń rà á láti ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ọfà kékeré sí igun bébà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gé ohunkóhun. Bí ẹ bá ti gé e tán, ta ló fẹ́ rántí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́?

Gígé

A4 jẹ́ 21 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 29.7 ní gígùn. Nínú A4 tí wọ́n ń tà ní páàkì, fọ́nrán sábà máa ń tọ 29.7. Ìwé yìí gbà pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí. Bí ìdánwò bá sọ nǹkan mìíràn, ìdánwò ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Fún káàdì fúnra rẹ̀, ẹ lo bébà gsm 250. Ẹ gé A4 sí méjì ní 14.85 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ó ní méjì tó jẹ́ 21 sí 14.85. Ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 10.5. Káàdì tó bá jáde á jẹ́ 10.5 ní ìbú, 14.85 ní gíga, fọ́nrán rẹ̀ á sì tọ ojú ìká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wọ inú àpò-ìwé C6, tó jẹ́ 11.4 sí 16.2, láìfún un. Bébà 50 á fún yín ní káàdì 100. Ẹ ra 55, torí àwọn tí yóò bàjẹ́.

Ohun tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá nìyí: ẹ mú odindi A4, ẹ ká a sí méjì kí káàdì lè tóbi. Ojú ìká yẹn dá fọ́nrán kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí àdúrà tí yóò gbà á sílẹ̀. Káàdì tí àwọn kan ká bí òrùlé láti ara ìdajì A4 náà, tí ojú ìká rẹ̀ wà lókè tó sì tọ 21, àṣìṣe kan náà ni.

Bí oníbàárà bá fi dandan lé káàdì ńlá, ẹ lọ bá àwọn atẹ̀wé, ní Ṣómólú tàbí ìlú tiyín, kí wọ́n gé e láti ara bébà ńlá fún yín. Ẹ sọ fún wọn pé 21 sí 29.7 ni, ṣùgbọ́n kí fọ́nrán tọ 21. Ẹ dúró tì wọ́n. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé bébà ń wá bí bébà kò ṣe ní ṣòfò ni, kì í ṣe ojú ìká tiyín ló ń rò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹyọ kan wò níwájú wọn.

Títẹ ipa

Ẹ kò gbọdọ̀ ká bébà gsm 200 sókè láìtẹ ipa, ìyẹn ìlà tí ẹ tẹ̀ wọ ara bébà níbi tí ẹ ó ti ká a, bí fọ́nrán tilẹ̀ tọ ọ̀nà tó yẹ. Báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán dára fún un. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ 10 sábẹ́. Ẹ sàmì sí 10.5 lókè àti nísàlẹ̀, ẹ gbé rúlà irin lé àmì méjèèjì, kí ẹ fa báírò náà lẹ́ẹ̀mejì: ti àkọ́kọ́ kó fúyẹ́, ti èkejì kó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti pọ̀ jù, á gé bébà.

Ẹ̀yìn káàdì, ìyẹn ìta rẹ̀, ni báírò gbọdọ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá wá ká a, òkìtì kékeré tó yọ lódìkejì ni yóò bọ́ sínú. Ọ̀pọ̀ yín ń ṣe é lódì, torí ó dà bíi pé ihò ló yẹ kó pa dé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ihò síta, òkìtì sínú.

Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí gba ojú ìká kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kí bébà pélébé kan wà láàárín ṣíbí àti káàdì, kí ó má baà máa dán gbirin. Ẹ má fi abẹfẹ́lẹ́ ha ibẹ̀ rárá. Ẹni tó ń fi abẹfẹ́lẹ́ ha á ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí à ń sá fún.

Kí ẹ tó ṣe 100, ẹ ṣe 1. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, nígbà 20. Bí funfun kankan bá yọ, ẹ dúró, ẹ padà sí ìdánwò fọ́nrán.

Ìràwọ̀ onígun 8

Èyí ló pẹlẹbẹ jù, ó ṣeé fi ránṣẹ́. Ní Netherlands, bébà aláràbarà tí wọ́n fi ń di tíì ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀. Ní tiwa, bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn ti tó, tàbí gsm 80 tí ẹ tẹ àwòrán àdìrẹ sí.

Ẹ gé igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3 sẹ̀ǹtímítà sí 3. A4 kan á fún yín ní 63, ìyẹn ìràwọ̀ 7, á sì ku 7. Ẹ dojú àwòrán dé ilẹ̀. Ẹ ká a láti igun dé igun, kí ẹ tú u. Ìlà kan ti wà láàárín. Ẹ mú etí méjì tó pàdé ní igun kan tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ká àwọn méjèèjì wá pàdé lórí ìlà. Ẹ ó rí ṣóńṣó gígùn lápá kan, ìdí kúkúrú lápá kejì. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo 8.

Níwájú káàdì, ẹ sàmì sí ibi tó jìn sí òkè ní 5.5 sẹ̀ǹtímítà, tó sì jìn sí ẹ̀gbẹ́ ní 5.25. Ẹ fi pẹ́ńsù fẹ́lẹ́ fa ìlà 4 gba ibẹ̀ kọjá, kí apá 8 yọ ní ìwọ̀n kan náà. Ṣóńṣó gígùn kọjú sí àárín, apá tí ẹ ká wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lẹ 4 mọ́ òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí ẹ tó fi 4 yòókù dí àlàfo. Ìràwọ̀ á fẹ̀ tó 8.5 sẹ̀ǹtímítà, á ku nǹkan bíi 5 nísàlẹ̀ fún ọ̀rọ̀.

Bí èyí tó kẹ́yìn kò bá rí àyè wọ̀, ẹ má gé e. Ẹ padà lọ wọn àwọn igun mẹ́rin yín. Ọ̀kan ti jẹ́ 3.1.

Fún ìràwọ̀ yìí nìkan, ẹ má da ara yín láàmú nípa fọ́nrán: bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìgun-sí-igun sì ni ẹ ń ká a.

Òdòdó onípílíìtì

Níbí, ọ̀rọ̀ fọ́nrán tún padà dé. Ẹ gé ọ̀já 2 láti ara A4 gsm 80, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 20 ní gígùn. Ìbú A4, ìyẹn 21, ni kí gígùn ọ̀já tọ̀. Bí ẹ bá gé e tọ 29.7 nítorí pé ó gùn jù, gbogbo pílíìtì, ìyẹn ìká síwájú-sẹ́yìn, á dá fọ́nrán kọjá, òdòdó á sì rí jákujàku.

Pílíìtì kọ̀ọ̀kan, ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ẹ sàmì sí etí méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n. Apá 40 ni yóò wà lára ọ̀já kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ apá ìparí ti èkíní mọ́ apá àkọ́kọ́ ti èkejì, kí ẹ so orí méjèèjì pọ̀ di òrùka, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ sí àárín. Á fẹ́ ta padà. Káàdì róbótó tó fẹ̀ ní 3 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́, òmíràn tó fẹ̀ ní 2 lókè, gọ́ọ̀mù lára méjèèjì, kí ẹ gbé agolo mílíìkì tó kún lé e fún ìṣẹ́jú 30. Òdòdó á fẹ̀ tó 6 sẹ̀ǹtímítà.

Ó ga ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Nítorí náà, ẹ má fipá tì í sínú àpò-ìwé C6. Ẹ tà á nínú láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, pẹ̀lú àpò-ìwé lẹ́yìn rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù, ọyẹ́ àti òjò

Gọ́ọ̀mù funfun, láìpò ó mọ́ omi. Ìdajì ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó fún ẹ̀ka ìràwọ̀ kan. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á mú káàdì wọ́. Ẹ má lo sítáàṣì ẹ̀gẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Aáyán ń jẹ ẹ́, ó sì máa ń bu lásìkò òjò. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi pákó tó tẹ́jú bò ó, kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù oníìnṣì 6 kan lé e láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ má sá a sóòrùn.

Ọyẹ́ ń gba omi ara bébà. Bébà tó bá ti gbẹ báyẹn lè là bí ẹ tilẹ̀ ká a bó ṣe yẹ. Ẹ fi páàkì sínú láílọ́ọ̀nù tí ẹ so lẹ́nu, ẹ máa yọ 10 lẹ́ẹ̀kan, òwúrọ̀ kùtùkùtù sì ni kí ẹ máa tẹ ipa. Àwọn kan ń wọ́n omi sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́.

Inú káàdì

Ẹ lo bébà funfun gsm 80, 20 sí 13.8, tí ẹ gé láti ara ìdajì A4, kí ẹ ká a ní 10. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ni gọ́ọ̀mù yóò gbà, ní apá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìká. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí àṣìṣe kan má baà ba odindi káàdì jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kó mọ níwọ̀n: “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún” fún Kérésìmesì tàbí Iléyá, “Ẹ kú oríire” fún ìgbéyàwó. Kí àmì ohùn pé. Káàdì tí wọ́n kọ “E ku odun” sí gbẹ̀rẹ́fu, tí ẹ wá ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá, ó kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn tó ti là

Ẹ má fi tẹ́ẹ̀pù bò wọ́n, oníbàárà ní ojú. Ẹ gé iwájú káàdì kúrò, kí ẹ gé e kù sí 9.5 sí 13.85, tí ìràwọ̀ bá fi wà láàárín. Ẹ ká káàdì tuntun tí fọ́nrán rẹ̀ tọ ọ̀nà, kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kí ẹ lẹ èyí tí ẹ gé mọ́ iwájú rẹ̀. Etí ìdajì sẹ̀ǹtímítà á yọ yí i ká. Èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá ti sún mọ́ etí jù, ẹ tú ìràwọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, kí ẹ ju ìyókù nù.